Hámà Kan Ló Sọnù ní Hoxne: Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, gbólóhùn méjì péré ni mo sọ nípa abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Hoxne, ní Suffolk, lápá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ibẹ̀ lẹnì kan ti ń wá hámà tó fi kan góòlù. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn méjì yẹn máa fa lẹ́tà tó pọ̀ tó báyìí. Mo ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, torí náà ẹ má bínú tẹ́ ò bá rí tiyín bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kí n tó gbàgbé, ẹ má pe orúkọ abúlé náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, "Họ́ksìn" làwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó ń wá hámà ló rí góòlù yẹn? Ọmọ mi ní tíṣà àwọn sọ ọ́ ní kíláàsì, mo ní irọ́ ni, èmi àti ẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti Sátidé." (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ipswich)

Ìyá wa, ọmọ yín ló jàre o. Lọ́jọ́ 16, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1992 ló ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní Hoxne, tó ń dáko lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Suffolk, wá hámà ẹ̀ tì nínú oko. Ó wá rántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, bàbá tó ń jẹ́ Eric Lawes, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọgbà. Nígbà tí bàbá yẹn fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ẹ̀rọ kan ta á lọ́rẹ, ẹ̀rọ tó máa ń dún tó bá ti kan irin lábẹ́ ilẹ̀, àwọn òyìnbó ń pè é ní metal detector. Àgbẹ̀ yìí ní kó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ wá, kó bá òun wá hámà. Ni bàbá bá dé oko, ó ń rìn lọ ó ń rìn bọ̀, ẹ̀rọ dún, ó fi nǹkan wú ilẹ̀ díẹ̀, ló bá rí síbí fàdákà, ó tún wú u, ó rí nǹkan ọ̀ṣọ́ góòlù, ó sì ń rí kọ́ìn lóríṣiríṣi.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn bàbá yẹn títí dòní ni pé ó dáwọ́ dúró. Ẹ fojú inú wò ó ná. Góòlù wà níwájú ẹ̀, ilẹ̀ ti là, kò sí ọlọ́pàá kankan nítòsí, ìwọ̀nba tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ló kó, kò wulẹ̀ wa ilẹ̀ mọ́, ó lọ sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sáwọn tó ni ilẹ̀ àti ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì làwọn awalẹ̀pìtàn ti Suffolk dé, wọ́n rọra wa gbogbo ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ kí ayé gbọ́. Àwọn ibi tí nǹkan ti dì mọ́ra, wọ́n ò tú u nínú oko, ńṣe ni wọ́n gé e mọ́ erùpẹ̀ ara ẹ̀, wọ́n gbé e lódindi lọ sí London káwọn tó mọ̀ ọ́n tú lè fara balẹ̀ tú u.

Kọ́ìn tó wà níbẹ̀ jẹ́ 14,865: góòlù 569, fàdákà 14,272, bàbà 24. Ẹ tún ka nǹkan bí igba ohun èlò fàdákà àti ọ̀ṣọ́ góòlù mọ́ ọn. Wọ́n rí hámà náà o! Hámà náà wà báyìí ní British Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ní London, òun àti góòlù jọ lọ ni.

Àmọ́ kì í ṣe iye yẹn ló ń múnú mi dùn jù. Nítorí pé wọn ò fọwọ́ kó o bí ẹni ń kó iṣu, wọ́n rí ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Igi ti jẹrà tán, ó ti ju 1,500 ọdún lọ tó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n látara bí àwọn ìdè àti àgádágodo kéékèèké ṣe wà nípò wọn, wọ́n mọ̀ pé àpótí igi oaku ni, gígùn ẹ̀ tó 60 sẹ̀ńtímítà, ìbú ẹ̀ 45, gíga ẹ̀ 30. Wọ́n mọ̀ pé àwọn àpótí kéékèèké mìíràn wà nínú ẹ̀, pé wọ́n fi aṣọ òwú àgùntàn àti koríko gbígbẹ wé àwọn nǹkan kan kí wọ́n má bàa họra, pé wọ́n to abọ́ lérí ara wọn bí ìyàwó ilé ṣe ń to abọ́ tó fẹ́ kó lọ sílé tuntun. Ká ní bàbá Lawes ti fi ṣọ́bìrì kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì, àwa ìbá ní góòlù kílò mẹ́ta àbọ̀ àti fàdákà tó lé ní kílò 23, a ò bá sì má mọ̀ pé ẹnì kan ló fara balẹ̀ dì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé kí ni bàbá Lawes rí gbà níbẹ̀: ilé ẹjọ́ tó jókòó lórí ẹ̀ ní Lowestoft lọ́dún 1993 ní ó di ti ìjọba. Wọ́n díye lé e ní mílíọ̀nù kan àti 750,000 pọ́ùn, wọ́n sì san owó yẹn fún bàbá Lawes gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Òfin kò ní kó fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sọ hámà nù ló pín in.

"Ta ló ni gbogbo ọrọ̀ yìí gan-an? Kí ló dé tó rì í mọ́lẹ̀ tí kò padà wá kó o? Èmi gbà pé ọba kan ni." (Bàbá kan, Abẹ́òkúta)

Bàbá, kì í ṣe ọba, olówó ni. Ó jọ pé ìdílé olówó ńlá kan ni, nígbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣèjọba lórí ilẹ̀ tá à ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni sójà Róòmù wọlé síbẹ̀, wọ́n lo nǹkan bí 370 ọdún kí agbára wọn tó tán níbẹ̀.

Àwọn kọ́ìn ló jẹ́ ká mọ ìgbà tí wọ́n rì í. Orí kọ́ìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń fi àwòrán ọba tó wà lórí oyè sí, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ ti Constantine Kẹta, láàárín ọdún 407 sí 408. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rì í ṣáájú ọdún yẹn. Ẹ wá wo ohun tó ń lọ lásìkò náà: Constantine yìí kó àwọn sójà tó kù ní Bìrìtéènì kọjá òkun lọ jà fún oyè tiẹ̀, àwọn ajàlèlókun ń wọ etíkun, kọ́ìn tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé látòkèèrè mọ́. Owó wá wọ́n débi pé wọ́n ń rẹ́ etí kọ́ìn fàdákà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kọ́ìn fàdákà inú àpótí yẹn ni wọ́n ti rẹ́ létí, òmíràn ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ́ ẹ ò jẹ́ kí ọ̀bẹ kan orí ọba tó wà láàárín, torí orí ọba yẹn lọjà fi ń gbà á.

Orúkọ wà lára àwọn nǹkan náà. Síbí mẹ́wàá ló ní orúkọ Aurelius Ursicinus lára, àwọn kan tiẹ̀ rò pé òun ló ni gbogbo ẹ̀, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n síbí lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ ẹ̀bùn, a ò lè fi síbí mú èèyàn. Ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù kan wà, wọ́n gé lẹ́tà sí i lára ní èdè Látìn pé kí Ìyáàfin Juliana fi inú dídùn wọ̀ ọ́. Mo máa ń ronú nípa Juliana yẹn. Ṣéènì góòlù kan tún wà tí wọ́n ń wọ̀ sí ara, ó gba èjìká méjèèjì, ó gba abẹ́ apá, ó wá pàdé láyà àti lẹ́yìn, òkúta iyebíye ni wọ́n fi dè é níwájú, kọ́ìn góòlù Gratian, ọba Róòmù kan, ni wọ́n fi dè é lẹ́yìn, ó sì kéré débi pé obìnrin tín-ín-rín tàbí ọmọdébìnrin nìkan ló lè gbà á. Bóyá ọmọ ẹ̀ ni, bóyá òun fúnra ẹ̀ nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun, ilẹ̀ ò sọ.

Bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ di gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n fẹ́ padà wá. Ẹni tó ń sá lọ láìní padà mọ́ kì í fi koríko wé abọ́. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn àgbàlagbà tó rì ìkòkò owó mọ́lẹ̀ nígbà ogun, tí kò sọ fún ọmọ, tó wá lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Mo kà á níbì kan pé ata wà nínú ẹ̀. Ata báwo? Ṣé òyìnbó ń jẹ ata láyé ìgbà yẹn ni?" (Alásè kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

Kì í ṣe ata gan-an, ìgò tí wọ́n ń bu ata sí ni, mẹ́rin, fàdákà, wọ́n sì fi góòlù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lára. Ọ̀kan dà bí obìnrin ọlọ́lá tó wọ aṣọ olówó ńlá, ọ̀kan jẹ́ Hercules, akọni alágbára inú ìtàn àtijọ́ wọn, tó ń bá ẹnì kan jà, ọ̀kan jẹ́ ewúrẹ́ orí òkè, ìkẹrin ni ajá tó ń lé ehoro. Ìdí àwọn ìgò yìí ni ọgbọ́n wà: àwo pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n máa ń yí, tó o bá yí i sápá kan ó ṣí, wà á bu ata sí i, tó o bá tún yí i ó kù ihò wínníwínní, wà á gbọ̀n ọ́n sórí oúnjẹ, tó o bá tún yí i ó pa dé pátápátá. Èyí ti lé ní 1,600 ọdún o, ìyá wa, kì í ṣe ohun tí wọ́n rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ata náà, ẹ má ronú rodo tàbí ṣọ̀ǹbọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata pupa ti wá, kò tíì kan Róòmù, kò tíì kan àwa náà. Ata dúdú wẹ́wẹ́ ni, tó ń wá láti Íńdíà, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìyèré tẹ́ ẹ̀yin ń fi sínú ọbẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tó ti rìn: ọkọ̀ ojú omi láti Íńdíà, ó gba Òkun Pupa, ó gba Íjíbítì, ó la Òkun Mẹditaréníà kọjá, ó tún gba gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù kó tó dé tábìlì ẹnì kan ní Suffolk. Ìgò fàdákà mẹ́rin fún ata nìkan! Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé olówó gan-an ni wọ́n.

"Mo gbọ́ pé kì í ṣe góòlù nìkan ni abúlé yẹn ní, pé wọ́n tún rí òkúta àtijọ́ níbẹ̀. Ṣé òkúta yẹn jọ ẹdùn àrá tiwa?" (Ọmọ Ṣàngó, Ọ̀yọ́)

Ìbéèrè yín ló wù mí jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Lọ́dún 1797, bíi igba ọdún ṣáájú hámà, àwọn kan ń wa amọ̀ ní Hoxne láti fi sun bíríkì. Bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀ lọ ni wọ́n ń bá àwọn òkúta flint pàdé, òkúta líle tó máa ń mú bí abẹ tí wọ́n bá sán an, gbogbo wọn rí bí omijé, orí tóbi, ìdí ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Kí làwọn òṣìṣẹ́ ń fi wọ́n ṣe? Wọ́n ń kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dà wọ́n sínú kòtò ojú títì tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti gbẹ́! Apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Tí mo bá rántí ó máa ń dùn mí.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Frere wá débẹ̀, ó rí àwọn òkúta náà, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di ẹni ìrántí ni pé kò mú òkúta nìkan, ó wo ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó ka ìpele erùpẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Erùpẹ̀ oko lókè, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Amọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀. Yanrìn tó ní ìkarawun nínú, ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ níbi táwọn òkúta gbígbẹ́ náà wà, ìjìnlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sísàlẹ̀. Nínú yanrìn tó wà lókè wọn, egungun ńláńlá ti ẹranko kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ ní àdúgbò yẹn tún wà. Ó ronú ẹ̀ wò: bí yanrìn etí omi bá bo òkúta yìí, tí amọ̀ tún wá bo yanrìn, ọdún mélòó ni ìyẹn máa gbà? Ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohun àtijọ́ ní London pé àwọn tí kò tíì mọ irin lò ló gbẹ́ àwọn ohun ìjà yìí, pé ìgbà wọn jìnnà gan-an, ó tiẹ̀ lè ti ṣáájú ayé tá a wà nínú ẹ̀ yìí.

Lásìkò yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà níbẹ̀ ni pé ayé ò tíì ju nǹkan bí 6,000 ọdún lọ. Wọ́n tẹ lẹ́tà ẹ̀ jáde lọ́dún 1800, kò sẹ́ni tó kà á sí. Frere kú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sùn síbẹ̀ títí di 1859, nígbà táwọn onímọ̀ kan tó rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Faransé rántí ẹ̀, tí wọ́n padà lọ sí Hoxne lọ wò ó fúnra wọn. Lónìí a mọ̀ pé òkúta yẹn tó nǹkan bí 400,000 ọdún. Kì í ṣe irú èèyàn tá a jẹ́ lónìí ló gbẹ́ ẹ o, ìran tó ti ṣáájú wa ni. Abúlé náà sì ti di orúkọ ìgbà: àkókò tí ilẹ̀ Bìrìtéènì móoru láàárín àkókò yìnyín méjì nígbà yẹn, "Hoxnian" làwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń pè é. Ohun kan tó tún dùn mọ́ mi ni pé Mary Leakey, obìnrin tó wa ilẹ̀ ní Olduvai ní Tanzania tó fi rí egungun àwọn tó ṣáájú èèyàn, ọmọ ìran John Frere yìí ni, lápá ìyá ẹ̀.

Ní ti ẹdùn àrá: ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tiwa tó wà lójúbọ, tó wà nínú ọpọ́n lórí odó, wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi dán ni, àáké òkúta tí àwọn bàbá ńlá lò ni, kò dàgbà tó ti Hoxne rárá. Ti Hoxne, sísán ni wọ́n sán an, wọn ò lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, àwọn òyìnbó abúlé náà láyé àtijọ́, tí wọ́n bá wa ilẹ̀ tí wọ́n rí àáké òkúta, òkúta àrá ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́, àwọn mìíràn ń fi sínú ilé kí mànàmáná má bàa jà á. Àwa àti àwọn ò jíròrò, òkun wà láàárín, a sì sọ ohun kan náà. Onímọ̀ lè sọ pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ gbé e kúrò lójúbọ. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé tẹ́ ẹ bá rí òmíràn lóko, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sílẹ̀, àti bí kòtò ṣe jìn tó, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé.

"Àlùfáà wa ní ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ẹni Mímọ́ Edmund. Ṣé òótọ́ ni?" (Ọmọ ìjọ, Peckham)

Edmund jẹ́ ọba East Anglia, ìyẹn agbègbè Suffolk àti Norfolk. Òótọ́ tó dájú ni pé àwọn ará Denmark tó ń gbógun ti ilẹ̀ náà pa á lọ́dún 869. Òótọ́ mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ àwọn tó pa á ti di Kristẹni, wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ sára kọ́ìn pé ẹni mímọ́ ni, kọ́ìn yẹn wà lónìí, a lè fọwọ́ bà á.

Ibi tó kú sí ni ọ̀rọ̀ ti wá di ìtàn. Àwọn ará Hoxne sọ pé abẹ́ afárá kan tó ń jẹ́ Goldbrook ló sá pamọ́ sí. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó wá ń kọjá lórí afárá, wọ́n rí ohun góòlù tó wà ní gìgísẹ̀ bàtà ẹ̀ tó ń kọ mànà nínú omi, wọ́n lọ tú u fó fáwọn ọ̀tá. Ó gégùn-ún fún ìyàwó tuntun tó bá gba orí afárá yẹn kọjá, àwọn ìyàwó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń yẹra fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ní igi oaku kan ni wọ́n dè é mọ́, wọ́n ta á lọ́fà títí, wọ́n bẹ́ orí ẹ̀ jù sínú igbó. Nígbà táwọn èèyàn ẹ̀ ń wá orí náà, orí ń dáhùn "mo wà níbí, mo wà níbí, mo wà níbí," nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìkookò ló ń ṣọ́ ọ, kò jẹ ẹ́.

Igi oaku ńlá kan wà ní Hoxne lóòótọ́ o, ó wó lọ́dún 1848, wọ́n sì ní àwọn rí orí ọfà nínú ẹ̀. Òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Àmọ́ ìwé tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ikú ẹ̀, tí àlùfáà Abbo ti Fleury kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ mìíràn ló pe ibẹ̀, Hægelisdun, àwọn ìlú bíi mẹ́ta ló sì ń sọ pé àwọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún 1101 ni ìwé kan so ó mọ́ Hoxne. Tí ẹ bá bi mí, èmi ò lè gbà pé orí ọfà inú igi parí ẹjọ́, torí igi ò sọ ọdún tí ọfà wọ̀ ọ́. Èmi fẹ́ràn ìtàn afárá yẹn, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ fọ́mọ. Ṣùgbọ́n kọ́ìn ni mo máa mú lọ kóòtù.

"Mo ti ra ẹ̀rọ yẹn, mo máa ń lọ fáàmù kan ní Essex lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti rí kọ́ìn kan. Ṣé kí n tà á, kí ni òfin wí?" (Ẹ fi orúkọ bò mí)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Àkọ́kọ́, ṣé olóko mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀? Láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ wá nǹkan kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé báwo lẹ máa ṣe pín in, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ibi ìtàn tí ìjọba ti fi òfin dáàbò bò, ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ débẹ̀ láìgbàṣẹ ìjọba, kódà kí olóko ní kò burú.

Ní England àti Wales, òfin tó wà báyìí jáde lọ́dún 1996, lẹ́yìn ti Hoxne. Ohun tó bá ti lé ní 300 ọdún tó sì ní góòlù tàbí fàdákà tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, tàbí kọ́ìn góòlù tàbí fàdákà méjì tó jọ wà lójú kan, "treasure" ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó coroner létí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2023, wọ́n ti fi àwọn nǹkan mìíràn tó ṣe pàtàkì gan-an sí i, kódà tí kò bá jẹ́ góòlù. Ẹyọ kọ́ìn kan ṣoṣo kì í sábà wọnú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Finds Liaison Officer ní agbègbè yín, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ ibi tó ti wá sílẹ̀, wọ́n á dá a padà fún yín. Ní Scotland òfin wọn yàtọ̀, gbogbo nǹkan lẹ máa kéde níbẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń bẹ̀rù lásán. Lọ́dún 2015, àwọn ọkùnrin méjì lọ wá nǹkan nítòsí Leominster, ní Herefordshire, wọ́n rí ìṣúra àwọn Viking, ìyẹn àwọn ajagun ojú omi bí àwọn ará Denmark tó pa Edmund, ọ̀ṣọ́ góòlù àti kọ́ìn fàdákà tí wọ́n rò pé ó tó 300. Wọn ò sọ fẹ́nì kankan, wọ́n ń tà á lẹ́yìn ilé. Nígbà tọ́wọ́ tẹ̀ wọ́n, adájọ́ rán ọ̀kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, èkejì ọdún mẹ́jọ àbọ̀, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló padà dín in kù. Ká ní wọ́n sọ ni, owó ńlá ni wọn ì bá gbà. Kọ́ìn díẹ̀ péré ni wọ́n rí gbà padà, 31. Nínú díẹ̀ yẹn, àwọn kan ní àwòrán ọba méjì tó jókòó ti ara wọn, Alfred ti Wessex àti Ceolwulf ti Mercia, ìjọba méjì tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn, èyí tó fi hàn pé àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun táwọn ìwé ìtàn ìgbà yẹn ń sọ ni pé Ceolwulf ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ronú ohun tó wà lára àwọn tó kù tó ti lọ.

"Kí ló kàn wá nínú góòlù òyìnbó? Tiwa ńkọ́?" (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀)

Ó kàn wá, àbúrò, ẹ̀yin lẹ sì sún mọ́ ọn jù. Lọ́dún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pariwo títí dòní. Àwọn tó ń kọ́lé ni wọ́n, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí èwo ló kọjú sí èwo, tàbí kí ló bò wọ́n. Nígbà táwọn tó mọ̀ máa fi dé, ilẹ̀ ti dàrú. Títí dòní, a mọ ẹwà àwọn orí yẹn, a ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n wà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum, ilé kan náà tí àpótí Hoxne wà. Mo ti dúró níwájú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ti Juliana, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wé e. Ti Ifẹ̀, orí nìkan ni. Ọ̀rọ̀ pé kó padà wálé jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn, èmi sì fara mọ́ ọn pé kó padà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ nílẹ̀, ìyẹn ò lè padà mọ́. Torí náà tí ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí kànga nílé yín tẹ́ ẹ kan àwòrán amọ̀ tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, òfin Nàìjíríà náà ní kẹ́ ẹ fi tó àjọ National Commission for Museums and Monuments létí. Ẹ ní kí bíríkìlà dúró ná. Ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́.

"A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wò ó nígbà họlidé, ibo ni ká lọ?" (Ẹgbẹ́ àwọn ìyá, Luton)

British Museum, ní London, ẹ̀ka tó wà fún Bìrìtéènì ayé Róòmù, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti wọlé. Wọ́n ti fi pílásítìkì tí ojú ń là kọjá ṣe àpótí náà kẹ́ ẹ lè rí bí nǹkan ṣe wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wá ìgò ata onírísí obìnrin yẹn fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá dé Hoxne gan-an, ẹ lọ wo afárá Goldbrook àti òpó ìrántí Edmund. Oko tí wọ́n ti rí góòlù, oko olóko ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ẹ má wọ̀ ọ́.

Lẹ́tà tó kù, mo máa dá a lóhùn lóṣù tó ń bọ̀.